ET ẹ̀yìn ríìmù: ọ̀rọ̀ tí a ṣì kà

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la ra ríìmù tòkunbọ̀ mẹ́rin fún Hilux bàbá wa. Ọkọ̀ náà ni wọ́n fi ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ láti oko wa ní Ìjàn-Èkìtì, a sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta díẹ̀. Ihò nọ́ọ̀tì mẹ́fà bá mẹ́fà mu. Ríìmù àtijọ́ fẹ̀ ní íǹṣì 7, wọ́n kọ ET30 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ti tuntun fẹ̀ ní íǹṣì 8, ó jẹ́ ET45. Èrò tiwa ni pé 45 ju 30 lọ, nítorí náà táyà yóò yọ síta sí i.

A ò tíì rìn jìnnà tí ìró fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a tú táyà iwájú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti inú ti ń bó: ó ń ha apá irin òkè tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọ́pà áàmù. Bàbá fọkanáísà wò ó, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ríìmù yín ti wọlé jù." Ká ní a ò tètè gbọ́ ìró yẹn ni, táyà náà ì bá bẹ́ mọ́ bàbá wa lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, tòun tẹrù.

Ọ̀rọ̀ ni a ṣì kà. ET kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ìkékúrú ọ̀rọ̀ Jámánì kan ni, Einpresstiefe. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ bí a ṣe ń ṣe ní kíláàsì mọfọ́lọ́jì: einpressen ni "tẹ̀ wọlé", Tiefe ni "jíjìn". Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni táyà ń wọlé sí i.

Ẹ fojú inú wo ríìmù tó dúró, kí ẹ fa ìlà kan gba àárín ìbú rẹ̀. Ojú ibi tó ti ń kan họ́ọ̀bù ọkọ̀ ni kí ẹ wá wò. Bó bá wà lórí ìlà yẹn gan-an, ET jẹ́ òdo. Bó bá sún sí apá ìta, àmì àròpọ̀ ni, ríìmù á wọ abẹ́ ọkọ̀. Bó bá sún sí apá inú, àmì àyọkúrò ni, ríìmù á yọ síta. Yorùbá ti bá wa ṣe é kó rọrùn láti rántí: àyọkúrò, ó yọ.

Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọn ET, íǹṣì kan sì jẹ́ mìlímítà 25.4. Ìdajì íǹṣì 7 jẹ́ 88.9, ẹ fi 30 kún un, ó di 118.9. Ibi tí ríìmù àtijọ́ wọlé dé láti ojú họ́ọ̀bù nìyẹn. Ìdajì íǹṣì 8 jẹ́ 101.6, ẹ fi 45 kún un, ó di 146.6. Tuntun fi nǹkan bíi mìlímítà 28 wọlé jù ú lọ. Ní ti ìta, ẹ yọ ET kúrò lára ìdajì ìbú: 58.9 ni ti àtijọ́, 56.6 ni ti tuntun. Kàkà kó yọ, ńṣe ló fà sẹ́yìn. Ká ní íǹṣì 8 tó jẹ́ ET0 la rà, ì bá yọ síta ní nǹkan bíi mìlímítà 43. Ìyẹn náà ní ewu tirẹ̀: táyà lè máa ha fẹ́ńdà, ìnira bẹ́árìn á sì pọ̀ sí i.

Bí ET bá ti parẹ́, ẹ da ríìmù dojú bolẹ̀. Ẹ fi igi títọ́ dábùú ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wọn láti abẹ́ igi dé ojú ibi tó ń kan họ́ọ̀bù. Ẹ wọn àtijọ́, ẹ wọn tuntun. Iye tí tuntun bá fi jìn ju àtijọ́ lọ ni iye tí yóò fi wọlé sí i.

Ẹ má ka ihò nọ́ọ̀tì nìkan. Lórí Hilux oníhò mẹ́fà, òbìrí tó gba àárín àwọn ihò náà kọjá fẹ̀ ní mìlímítà 139.7. Ihò àárín ríìmù gbọ́dọ̀ gba họ́ọ̀bù, tó tó nǹkan bíi mìlímítà 106. Ẹ wo nọ́ọ̀tì náà: èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó kò bá ríìmù tó ń fẹ́ nọ́ọ̀tì abẹ́ pẹrẹsẹ mu. Lẹ́yìn náà, ẹ de táyà iwájú kan, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì, kí ẹ yí sítíárì dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ tún un yẹ̀ wò nígbà tí ẹrù bá wà lẹ́yìn ọkọ̀.

A ta ríìmù wọ̀nyẹn, a sì pàdánù owó díẹ̀. Bàbá fọkanáísà ò gbọ́ Jámánì, ṣùgbọ́n "wọlé" tí wọ́n sọ súnmọ́ ìtumọ̀ Einpresstiefe ju ohun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè rò lọ. Ká ti béèrè lọ́wọ́ wọn kí a tó rà á ni, owó wa ì bá wà nílé.