Àpótí òjòlá: iná tó ń mú un yè lè pa á

Ọ̀pọ̀ òjòlá kékeré tí wọ́n ń sìn nínú ilé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Tógò, Benin àti Gánà ni ìran wọn ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ fi pákó kan àpótí fún un ní ìlú olótùútù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi iná sí i: kí apá kan gbóná tó ìwọ̀n 32 Celsius, kí ìkejì má ju nǹkan bíi 25 lọ, kí ejò fúnra rẹ̀ máa yan èyí tó bá a lára mu.

Ṣùgbọ́n àwọ̀n irin gbọ́dọ̀ bo gílóòbù náà. Bí kò bá sí i, òjòlá lè wé mọ́ ọn, ara rẹ̀ yóò sì ti jóná kó tó kúrò. Ẹ̀rọ tó ń pa iná fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti pọ̀ jù kò ṣe é yọ sílẹ̀ rárá, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Ilẹ̀kùn dígí ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ ni kí wọ́n fi tì í. Òru ni òjòlá ń rìn, orí ló sì fi ń tì í ṣí.