Ọpọ́n Ayò Gẹ́gẹ́ Bí Ohun Èlò fún Kíkọ́ni ní Òǹkà Yorùbá ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó wà ní ìwé kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó lè fi orin ka òǹkà láti orí ení títí dé orí ogún láìṣì í kà. Ṣùgbọ́n bí a bá kó òkúta méjìdínlọ́gbọ̀n síwájú ọmọ kan náà, tí a ní kí ó sọ iye rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dáhùn. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya òpè. Orin ni a kọ́ ọ. A kò kọ́ ọ ní ìṣirò tí ó wà nínú orin náà. Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ọpọ́n ayò lè ran olùkọ́ lọ́wọ́ láti ṣe àtúnṣe sí èyí, láìná owó púpọ̀.

Ibi tí ìṣòro wà

Ìṣirò ni òǹkà Yorùbá. Kì í ṣe ohun tí a kàn ń há sórí. Láti orí 11 dé 14, ṣe ni a ń lé lórí ẹ̀wá. Láti orí 15 dé 19, ṣe ni a ń dín kúrò nínú ogún. Ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Bí a bá yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́ta, àádọ́ta ni ó kù. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá pe 48 ní méjìdínláàádọ́ta ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe àyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì: ó yọ mẹ́wàá nínú ọgọ́ta, ó tún yọ méjì nínú àádọ́ta. Bí ojú rẹ̀ kò bá rí i, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì kàn án rí, ẹrù ni ọ̀rọ̀ náà yóò jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò sì ní pẹ́ tí yóò fi sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Ìdí tí a fi yan ayò

Ihò 12 ni ó wà lára ọpọ́n ayò, mẹ́fà-mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 48. Bí ọmọ bá ń ka ihò wọ̀nyí lọ ní mẹ́rin-mẹ́rin, ohun tí yóò máa sọ nìyí: mẹ́rin, mẹ́jọ, méjìlá, mẹ́rìndínlógún, ogún, mẹ́rìnlélógún, méjìdínlọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlógójì, ogójì, mẹ́rìnlélógójì, méjìdínláàádọ́ta. Ẹ wò ó pé ‘lé’ wà nínú 24, 32 àti 44, ‘dín’ sì wà nínú 16, 28, 36 àti 48. Ọpọ́n kan ṣoṣo ti kó ọ̀nà méjèèjì pọ̀.

Bí a ṣe lè lò ó

Bí kò bá sí ọpọ́n onígi, páálí ẹyin tó. Páálí tí ó gba ẹyin 30 ní ìlà márùn-ún, ihò mẹ́fà sì wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. A lè gé ọpọ́n méjì jáde lára rẹ̀. Bí ọmọ 40 bá wà ní kíláàsì, tí a pín wọn sí mẹ́rin-mẹ́rin, páálí márùn-ún yóò tó ẹgbẹ́ mẹ́wàá. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú èso ayò, ẹ̀kùrọ́ tàbí òkúta wẹ́wẹ́ méjìlá wá láti ilé, kí ó sì kà á sí olùkọ́ lọ́wọ́.

(i) Pípín: Kí àwọn ọmọ pín ọmọ ayò sínú ihò, kí wọ́n sì ka iye rẹ̀ jáde bí a ti kà á lókè yìí.

(ii) Rírí ‘dín’: Kí ẹgbẹ́ kan yá ọmọ ayò 12 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, kí 48 lè di 60. Kí wọ́n kó o jọ ní òkìtì ogún mẹ́ta. Kí wọ́n yọ mẹ́wàá, kí wọ́n pe àádọ́ta. Kí wọ́n tún yọ méjì, kí wọ́n pe méjìdínláàádọ́ta. Kí olùkọ́ má ṣe bá wọn yọ ọ́.

(iii) Títa: Ọmọ méjì yóò ta ayò, ẹnì kẹta yóò jẹ́ akọ̀wé, ẹnì kẹrin adájọ́. Sí ọwọ́ ọ̀tún ni wọn yóò máa ta á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ ayò tí ó kẹ́yìn bá sọ ihò alátakò di méjì tàbí mẹ́ta, ẹni tí ó ta á yóò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó ta á, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ihò tí yóò parí sí. Bí ó bá jẹ, adájọ́ yóò bi í pé, “Mélòó ni o jẹ? Mélòó ni ó kù lórí ọpọ́n?” Akọ̀wé yóò kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní fígọ̀ àti ní ọ̀rọ̀, pẹ̀lú àmì ohùn. Lẹ́yìn náà, wọn yóò pààrọ̀ ipò, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Àtakò

Àwọn kan lè sọ pé ariwo yóò pọ̀, tàbí pé àwọn òbí kò rán ọmọ wá ta ayò. Òótọ́ ni pé ariwo yóò wà, ṣùgbọ́n ariwo òǹkà ni. Kí eré má baà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, kí a fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn sílẹ̀ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa bí ayò ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ. Ìwé yẹn ni òbí yóò rí.

Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Ìyẹn ni pé, fún ọ̀pọ̀ ọmọ, àkókò iṣẹ́ Yorùbá nìkan ni ó kù tí wọn yóò ti gbọ́ òǹkà wa.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọmọ tí kò mọ bí a ti ń kà kọjá ogún ní Yorùbá kò ní mọ ọjọ́ orí ìyá rẹ̀ àgbà ní èdè tí ìyá àgbà fi ń sọ ọ́. Kò sí òfin tí ó ní kí olùkọ́ má ṣe gé páálí ẹyin. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.