Àgbo Ilẹ̀ Ṣáínà àti Àrùn Ẹ̀dọ̀

Ìbéèrè kan náà ni ó ń wọlé lemọ́lemọ́ nínú lẹ́tà yín láti ìgbà díẹ̀ wá, n kò sì lè máa dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Aláboyún lọ fún àyẹ̀wò, tàbí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, wọ́n ní àrùn mẹ́dọ̀wú wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ sórí ìwé àyẹ̀wò ní Hepatitis B. Ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ kò pọ́n, ó ń jẹ, ó ń mu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ládùúgbò ti gbé àgbo Ṣáínà wá fún un nínú páálí, ó ní láàrin oṣù mẹ́ta àrùn náà yóò lọ pátápátá. Owó rẹ̀ a sì máa ju owó oṣù ẹlòmíràn lọ. Ẹ ní kí n sọ bóyá òótọ́ ni.

Ẹ má retí pé n óò bú ìṣègùn àwọn ará Ṣáínà. Ó ti pẹ́, ó sì ní ìwé. Ó tó nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn tí oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Zhang Zhongjing ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọn yóò ti máa se àgbo fún ẹni tí ojú àti ara rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè, àìsàn tí àwa ń pè ní ibà pọ́njú. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń kó sínú ìkòkò: ewé yinchenhao, èso zhizi, àti gbòǹgbò dahuang. Wọ́n ṣì ń sè é títí di òní. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé inú ẹ̀dọ̀ ni ìbínú ń gbé, òróòro sì ni èkejì rẹ̀. Àwa tí a máa ń sọ fún ẹni tí inú ń bí pé kí ó fẹ̀dọ̀ lé orí òróòro, ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣàjèjì sí wa.

Ìbátan yinchenhao yìí, tí wọ́n ń pè ní qinghao, ni Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí oògùn ibà ní 1972. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2015, láti inú ewé náà sì ni artemether tí a ń rà lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì ti jáde wá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí wọ́n ti ṣe é. Wọn kò kàn rọ ewé sínú páálí kí wọ́n máa polówó rẹ̀ kiri. Wọ́n fa èròjà rẹ̀ jáde, wọ́n dán an wò lára ẹranko, Tu fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a fi wo àgbo ẹ̀dọ̀.

Ní 1965 ni Baruch Blumberg, ará Amẹ́ríkà, ròyìn àmì kòkòrò àrùn yìí tí ó rí nínú ẹ̀jẹ̀ ará Ọsirélíà kan. Kòkòrò náà kì í fúnra rẹ̀ jẹ ẹ̀dọ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ni ó ń sá pamọ́ sí, àwọn ọmọ ogun ara tí ń wá a kiri ni wọ́n ń ba ibẹ̀ jẹ́. Bí ogun yìí bá pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀dọ̀ a kún fún àpá, a le, nígbà mìíràn a sì di jẹjẹrẹ. Ọjọ́ orí tí ènìyàn fi kó o ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí 100 ọmọ bá kó o lára ìyá wọn nígbà ìbí, nǹkan bí 90 ni yóò máa gbé e kiri títí dàgbà. Bí 100 àgbàlagbà bá kó o, ó lé ní 95 tí ara wọn yóò lé e jáde fúnra rẹ̀ láàrin oṣù mẹ́fà, láìsí oògùn kankan.

Ibí yìí ni ẹ̀rí àwọn tó ń ta àgbo ti ń wá. Ọkùnrin kan á dìde, á ní ojú òun pọ́n, ìtọ̀ òun dúdú bí omi epo ọsàn, òun mu àgbo Ṣáínà, nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ òun yẹ̀ wò wọn kò rí nǹkan kan mọ́. Kò purọ́. Bí ó bá jẹ́ omi gbígbóná lásán ni ó mu fún oṣù mẹ́fà yẹn, ohun kan náà ni ì bá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n aláboyún tí ó ti gbé e láti kékeré kì í ṣe irú ọkùnrin yìí, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì wúlò fún un.

Ẹ̀rí kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ láti já, nítorí pé ìwé àyẹ̀wò ni wọ́n máa ń fi hàn yín. Bí ẹ̀dọ̀ bá ń bàjẹ́, ó máa ń tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, òun ni ẹ ń rí lórí ìwé bí ALT. Ní àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Ṣáínà ṣàkíyèsí pé èso kan tí ń jẹ́ wuweizi máa ń mú kí ALT yìí wálẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ti ipa rẹ̀ ṣe oògùn oníhóró kan, bifendate. Iṣẹ́ gidi ni. Síbẹ̀ kòkòrò àrùn wà níbi tí ó wà, bí aláìsàn bá sì dá oògùn náà dúró, ALT a tún gòkè. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá fi ìwé hàn yín, ẹ béèrè iye kòkòrò tí ó kù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó fi ALT nìkan tàn yín.

Àwa náà ní tiwa níbẹ̀. Ewé ẹ̀hìn olobe tí ń hù lẹ́bàá ilé wa, àwọn ará Ṣáínà ní ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹ̀dọ̀. Ní 1988, Blumberg kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Madras ní Íńdíà, ìlú tí a ń pè ní Chennai nísinsìnyí, fi ẹ̀hìn olobe fún ènìyàn 37. Àmì àrùn náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ 22. Nínú 23 tí wọ́n fún ní ayédèrú oògùn, ẹnì kan péré ni. Gbogbo ayé gbọ́, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹlòmíràn dán an wò níbòmíràn, wọn kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó sì kó gbogbo ìdánwò náà jọ ní 2011 sọ pé kò sí ẹ̀rí tí ó dájú. Ó dùn mí láti kọ èyí, nítorí ì bá wù mí kí ewé àgbàlá wa borí.

Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sẹ́ gbogbo ohun tí a bá mu, bí ó bá sì ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, ẹrù kékeré a wúwo fún un. Heshouwu tí wọ́n ń lò kí ewú lè padà dúdú ti ba ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Tusanqi a máa dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀, ikùn a sì kún fún omi. Ní Jàpáànù, níbi tí àwọn dókítà gan-an ti ń kọ àgbo Ṣáínà kan fún àwọn alárùn ẹ̀dọ̀, ìjọba kéde ní 1996 pé ènìyàn 88 ni ó ti kó àìsàn ẹ̀dọ̀fóró nípa rẹ̀, 10 nínú wọn sì kú.

Kí ni àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn wá ṣe? Ní 1992, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10 nínú 100 ènìyàn tí ó ní kòkòrò yìí lára níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wò ní 2014, kò tó ẹyọ kan nínú 100. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ṣe é. Ní ti ẹni tí ó ti ní in, àwọn dókítà wọn ń fún un ní tenofovir tàbí entecavir, bí wọ́n bá sì fi àgbo kún un, ẹ̀gbẹ́ oògùn ni wọ́n ń fi í sí.

Tenofovir wà ní Nàìjíríà. Kì í lé kòkòrò náà jáde tán, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní àrùn náà ni ó nílò rẹ̀. Dókítà ni yóò wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dédé jáwọ́ nítorí àgbo ẹnikẹ́ni, nítorí kòkòrò náà lè dìde lójijì kí ó sì pa á. Bí ẹ bá ti mu àgbo, ti Ṣáínà tàbí ti ilé, ẹ sọ fún dókítà. Kò ní bú yín. Ẹ fi ọtí sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó bá ti bu, ẹ dà á nù, nítorí oró inú rẹ̀ àti kòkòrò yìí jọ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Ọkọ kan kọ̀wé sí mi pé òun ti ya abọ́ ìyàwó òun sọ́tọ̀. Bàbá, ẹ dá abọ́ náà padà. Àrùn yìí kì í ran ènìyàn nínú oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bá rìn, àti ìbálòpọ̀: abẹ onígbàjámọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹni méjì ń lò. Ẹ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin náà, pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ẹni tí kò bá ní in gba abẹ́rẹ́. Bí ìyàwó yín bá sì bímọ, ẹ rí i pé wọ́n fún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ kìíní kí wákàtí 24 tó pé. Ó ti wà lára àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà láti 2004. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ọmọ dé, ẹ béèrè lọ́jọ́ Àìkú náà, ẹ má dúró di ọjọ́ ìkómọ.