Kantamanto: Níbi Tí Ọmọ Kíláàsì Kìíní Ti Ń Múra Iléèwé

Bí ìsinmi gígùn bá ti ń parí lọ nílùú Accra, èèyàn á rí i nínú ọjà Kantamanto. Àwọn ìyá tó ń fi ọwọ́ kan fa ọmọ, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kejì ṣa bàtà lórí òkìtì, á pọ̀ sí i. Ọmọ á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà dúdú kan, ìyá á fi àtàǹpàkò tẹ iwájú rẹ̀ wò bóyá àyè ṣẹ́ kù, á sì ní kó rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ìsọ̀ méjì. Bí bàtà náà bá tóbi díẹ̀, kò sí wàhálà. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó fẹ́ wọ kíláàsì kìíní kì í pẹ́ dàgbà kọjá bàtà, ìyá rẹ̀ kò sì fẹ́ ra òmíràn kí ọdún tó yí po.

Ẹni tó bá ti dé Katangua l'Ékòó rí kò ní béèrè irú ọjà tí Kantamanto jẹ́. Ohun tí àwa ń pè ní òkìrìkà ni àwọn ará Gánà ń pè ní “obroni wawu”, ìyẹn ni pé òyìnbó ti kú. Nígbà tí aṣọ wọ̀nyí kọ́kọ́ ń dé, wọ́n gbà pé aṣọ tó ṣì dára tó báyìí, àfi bí ẹni tó ni ín bá ti kú. Láti Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ló ń wá, nínú bẹ́ẹ̀lì tí ẹyọ kan máa ń wọ̀n tó kílò 55. The Or Foundation, àjọ kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọjà náà, ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 aṣọ ló ń wọ Gánà lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó ra bẹ́ẹ̀lì kì í rí ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó sanwó. Ó lè tú u kó bá bàtà iléèwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ tó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì lè bá ẹ̀wù tó ti gbó.

Ohun kan wà tí bẹ́ẹ̀lì kì í sábà gbé wá. Yunifọ́ọ̀mù iléèwé ìjọba ní Gánà, búráùn àti yẹ́lò tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́, kò sí lára aṣọ tí òyìnbó ń kó dànù. Rírán ni wọ́n ń rán an. Ṣùgbọ́n Kantamanto kún fún àwọn télọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sọ ṣòkòtò àgbàlagbà di ti ọmọdé, ẹ̀wù àgbàlagbà di bùláòsì, iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù kò sì le lójú wọn. Ìyá tó gbọ́n á ní kí télọ̀ ká etí ṣòkòtò náà sínú dáadáa. Nígbà tí ọmọ bá ga sí i, wọn á tú u, ṣòkòtò ọdún kan á di ti ọdún méjì.

Pátá ọmọ ńkọ́? Tuntun ni kí òbí lọ rà. Láti ọdún 1994 ni òfin Gánà ti ka kíkó pátá àlòkù wọ ìlú léèwọ̀, àti ti àgbà àti ti ọmọdé. Bó bá yọjú nínú òkìtì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Àwọn kan á béèrè pé, ṣebí ọ̀fẹ́ ni iléèwé ìjọba ní Gánà? Òótọ́ ni. Láyé Kwame Nkrumah, lọ́dún 1961, ni òfin ti sọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ àti dandan. Lọ́dún 2005 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san owó lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn iléèwé, kí wọ́n má baà tún máa gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ òbí. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ yẹn kò dé orí bàtà, ìbọ̀sẹ̀ àti báàgì. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta tó ń wọlé lọ́jọ́ kan náà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ibẹ̀ ni Kantamanto ti ń gba ọ̀pọ̀ ìdílé sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí iná tó jó ọjà náà kò fi jẹ́ ti àwọn oníṣòwò nìkan. Lóru ọjọ́ kìíní mọ́ ọjọ́ kejì oṣù January ọdún 2025 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà ní ìsinmi Kérésìmesì. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà náà ló jóná, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣòwò sì pàdánù ọjà wọn. Ẹ wo ìyá tó ní ìsọ̀ níbẹ̀: owó sáà kejì, ọjà tí ì bá tà fi ra ìwé ọmọ, gbogbo rẹ̀ di eérú lóru ọjọ́ kan. Kò pẹ́ púpọ̀ tí igi àti páànù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lórí eérú. Àwọn oníṣòwò fúnra wọn ló kọ́ ọ, torí ẹni tó ń jẹun lójoojúmọ́ kì í lè jókòó de ìjọba.

Ọjọ́ ìwọlé máa ń lárinrin ní Gánà. Àwọn ìjòyè ìjọba, nígbà mìíràn ààrẹ fúnra rẹ̀, máa ń lọ sí iléèwé kí àwọn ọmọ tuntun káàbọ̀, pẹ̀lú bisikí àti ohun mímu. Ó dára. Ṣùgbọ́n bisikí á tán, ọmọ á sì ku òun àti tíṣà àti ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, aṣọ nìkan kọ́ sì ni ẹ̀ṣọ́ yẹn. Báàgì tó rẹwà tí ọmọ kò lè ṣí fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ló dá sílẹ̀ fún tíṣà. Bàtà olókùn tí kò lè so, ẹkún ló máa dà. Bí irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ra bá wà lórí òkìtì, òun ni kí òbí mú, kódà bí kò bá dán tó èkejì. Kí ọmọ ti mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ṣòkòtò kó tó di pé ìgbẹ́ gbọ̀n ọ́n. Kí ó sì mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin Akan tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ẹtì ni Kofi, kíláàsì kan sì lè ní Kofi mẹ́ta. Bí tíṣà bá wá pe orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà, ọmọ tí kò gbọ́ ọ rí nílé á kàn máa wò.

Èdè ló tún le jù. Ní October 2025, Haruna Iddrisu, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Gánà, pa á láṣẹ pé dandan ni kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Nàìjíríà gba ọ̀nà ibòmíràn: mínísítà Tunji Alausa kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ wa níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti dán an wò ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Àmọ́ ọmọ Kantamanto ní ìṣòro tirẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Ga ni Accra. Twi ni wọ́n ń ná jù lọ́jà. Àwọn kayayei, àwọn ọ̀dọ́bìnrin aláàárù tó ń fi orí ru bẹ́ẹ̀lì láàárín ọjà, láti òkè àríwá ni púpọ̀ wọn ti wá, Dagbani tàbí èdè mìíràn ni wọ́n ń bá ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn sọ. Èdè ìyá ta ni tíṣà máa sọ nígbà náà? Àwọn Yorùbá tó ti gbé Gánà rí mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó jáde ní November 1969, sáà ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó bá òbí wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà ní láti jókòó sí kíláàsì tuntun, àwọn mìíràn pẹ̀lú Twi tó já geere lẹ́nu ju Yorùbá lọ.

Lọ́sàn-án, bí iléèwé bá parí, ìsọ̀ ìyá ni ọ̀pọ̀ ọmọ Kantamanto ń padà sí. Ìyá á kọ́kọ́ bọ́ yunifọ́ọ̀mù náà lọ́rùn ọmọ kó má baà dọ̀tí, á fi í kọ́ sórí ìṣó láàárín àwọn aṣọ títà. Bí oníbàárà bá wá nawọ́ kan án, ìyá á tètè pariwo pé ìyẹn kì í ṣe títà.