Pòròpórò àgbàdo, ta ló ni ín lẹ́yìn ìkórè?

Àgbàdo tí wọ́n ń sun lẹ́bàá títì ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó l'Ékòó, èyí tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n fún ẹlẹ́kọ, àti èyí tí wọ́n lọ̀ mọ́ oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin tí à ń dín, ọ̀nà jíjìn ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Òkè-Ògùn wà níbẹ̀, Kwara wà níbẹ̀, òkè Ọya náà kò gbẹ́yìn. Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti ń bi ara wọn láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn nípa ilẹ̀ tí àgbàdo yìí ń hù lórí rẹ̀: ṣé dandan ni kí àgbẹ̀ túlẹ̀ kó tó gbìn?

Ilẹ̀ tí katakata ṣẹ̀ṣẹ̀ tú máa ń wu ojú. Ó rọ̀, koríko kò sí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò tiwa kì í rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀kán òjò ńlá á bọ́ lu iyẹ̀pẹ̀ tí kò ní ìbòrí, á fọ́ ọ kúnná. Èyí tó kúnná yẹn á dí ojú ihò tí omi ìbá gbà wọlẹ̀. Omi tí kò ríbi wọ̀ á di àgbàrá, òkè ilẹ̀ ni á sì gbé lọ, níbi tí ọ̀rá wà.

Ìbàdàn ni wọ́n ti wọn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA sílẹ̀ lọ́nà Mọ́níyà. Ní 1970, onímọ̀ ilẹ̀ kan tó wá láti Íńdíà, Rattan Lal, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, kò sì kúrò títí di 1987. Ó pín oko kéékèèké sórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, èyí tó ga jù sì dagun tó ìdá 15 nínú 100. Lẹ́sẹ̀ oko kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń gbe omi àti ẹrẹ̀ tó bá ṣàn wá, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Pòròpórò ló ṣe onílé nínú ìwádìí yìí. Níbi tí wọ́n ti fi ewé àti pòròpórò bo ilẹ̀, tó tó tọ́ọ̀nù 4 sí 6 lórí hẹ́kítà kan, ẹrẹ̀ tó ń ṣàn lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, ì báà jẹ́ lórí èyí tó dagun jù.

Nínú ìwádìí mìíràn tó tẹ̀ lé e ní 1979, wọ́n fi oríṣiríṣi ọ̀nà ṣán igbó. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣán, tí wọn kò tú, kò pàdánù tó ìlàjì tọ́ọ̀nù iyẹ̀pẹ̀ lórí hẹ́kítà kan. Èyí tí ẹ̀rọ wó igi rẹ̀ lulẹ̀, tí wọ́n sì tún túlẹ̀ rẹ̀, pàdánù nǹkan bí tọ́ọ̀nù 20.

Ooru náà ń bẹ. Ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan sínú ilẹ̀ tí kò ní ìbòrí, ooru lè kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù wà. Lábẹ́ pòròpórò, ilẹ̀ tutù, ekòló sì ń gbé ibẹ̀. Ihò tí ekòló ń lu ni òjò ń gbà wọlẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ewé gbígbẹ kúrò lórí irú oko bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ìgbẹ́ ekòló lókìtìlókìtì, ó ń dán, ó dúdú ju ilẹ̀ tó kù lọ. Ní 2020, Lal gba ẹ̀bùn World Food Prize, dọ́là 250,000, fún iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn yìí.

Àwọn baba wa nínú igbó kúkú mọ apá kan nínú rẹ̀. Iṣu ló ń gba ebè. Ní ti àgbàdo, wọ́n á ṣán igbó, wọ́n á fi ẹnu ọkọ́ la ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ju hóró sí i. Iná tí wọ́n ń dá sí oko ló yàtọ̀, àti ìgbòrò tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí ilẹ̀ kò tó fún mọ́.

Kí ló wá dé tí àìtúlẹ̀ kò gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Lágbàáyé, oko tí wọn kì í tú ti tó mílíọ̀nù 180 hẹ́kítà ní 2015 sí 2016. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ péré ni Áfíríkà ní nínú rẹ̀. Ní Paraná lórílẹ̀-èdè Brazil, àgbẹ̀ kan ṣoṣo, Herbert Bartz, ló bẹ̀rẹ̀ ní 1972, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé oríkunkun ni àwọn àgbẹ̀ wa. N kò gbà. Ẹ bi ara yín pé ta ló ni pòròpórò bí wọ́n bá ti kórè tán. Màlúù ń bọ̀ wá jẹ ẹ́. Ọdẹ ń dáná sí igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná á sì ré kọjá sí oko. Ikán ń jẹ tirẹ̀. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, tọ́ọ̀nù 4 ti di àpá kan níhìn-ín, àpá kan lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mí-ìn, kí ló fẹ́ fi ìtọ́jú ilẹ̀ náà ṣe? Koríko sì ń bẹ: ẹni tí kò túlẹ̀ gbọ́dọ̀ ra oògùn tí yóò fín, tàbí kó wá alágbàṣe tí yóò roko fún un.

Láìsí ìbòrí, àìtúlẹ̀ yìí kò dáa, ìwádìí ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 610 jọ, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, wọ́n rí i pé bí a bá dá gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìkórè oko àìtú fi díẹ̀ dín sí ti oko tí wọ́n tú. Níbi tí òjò kò ti pọ̀, tí wọ́n sì fi pòròpórò sílẹ̀, tí wọ́n ń yí irúgbìn padà, ibẹ̀ nìkan ni kò ti dín, tó sì máa ń lé nígbà mìíràn. Ẹni tó bá wá sọ fún àgbẹ̀ pé kó má túlẹ̀ mọ́, tí kò bá a wá bí pòròpórò yóò ṣe dúró lórí ilẹ̀, kò ràn án lọ́wọ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè Benin ṣe é wò. Ní ìhà Mono, láti apá ìparí àwọn ọdún 1980 sí i, IITA àti àwọn onímọ̀ ibẹ̀ fi ẹ̀yà wèrèpè kan tí kì í yún ni lára han àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n gbìn ín sáàárín àgbàdo láti bo ilẹ̀. Ó pa èkan, koríko tí ọkọ́ kò lè ṣẹ́gun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ dán an wò. Ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ kò ṣe é sè jẹ bí ẹ̀wà, àjọ tó ń rà á fún irúgbìn kò sì rà á títí lọ. Nígbà tí ẹni tó ń rà kò sí mọ́, púpọ̀ nínú wọn dá a dúró.