Máàkì Já Wálẹ̀ Nígbà Tí JAMB Kù Díẹ̀: Ṣé Ọmọ Ló Ya Ọ̀lẹ Ni?

Bí ìdánwò JAMB tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì bá ti ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdánwò ìgbáradì a máa wá léraléra ní àwọn ilé lẹ́sìn Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ọmọ gba 251 lọ́sẹ̀ kan, inú gbogbo ilé dùn. Lọ́sẹ̀ kejì ó gba 229, ilé dàrú. Ìyá ní fóònù ló fà á. Bàbá ní kó yáa fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀, kó lọ yan nǹkan mìíràn ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, Àkùngbá, tí kò jìnnà sílé. Kí wọ́n tó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú bírò àti ìwé.

Ìbéèrè 180 ni JAMB ń bi ọmọ ní wákàtí méjì: 60 ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì 100. Tí a bá pín in bó ṣe rí yẹn, ìbéèrè Físíìsì kan tó máàkì méjì ààbọ̀. Ẹni tó bá ṣi mẹ́jọ ju ti àná lọ ti pàdánù 20 nìyẹn. Mẹ́jọ péré nínú 180!

Ẹ wá wo ọmọ tí ìmọ̀ rẹ̀ kò gòkè, tí kò sì wálẹ̀. Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá, yóò gba mẹ́fà. 240 ló yẹ kó máa gbà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bọ́ sí i lọ́wọ́ lónìí kọ́ ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́la. Ìṣirò fi hàn pé kì í ṣe ohun ìyanu kó fi bíi máàkì 15 lé ní 240, tàbí kó fi 15 dín. Bó bá ṣe ìdánwò méjì, ìyàtọ̀ bíi 20 wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ọmọ tó gba 251 náà ló gba 229, ọpọlọ kan náà ló sì lò.

Lọ́dún 1886, Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwádìí jáde lórí gíga òbí àti ọmọ. Ó rí i pé ọmọ àwọn tó ga gan-an máa ń ga lóòótọ́, àmọ́ wọn kì í sábà ga tó òbí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni máàkì. Èyí tó ga jù tí ọmọ gbà rí, ìmọ̀ àti oríire ló pàdé níbẹ̀, oríire sì lè má yọjú lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ tó dáa jù yẹn gan-an ni òbí fi ń ṣe òṣùwọ̀n.

Ìgbà mìíràn wà tí máàkì já wálẹ̀ nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ ni kò jóòótọ́. Ọmọ ti rí ìbéèrè kan nípa eré ọkọ̀ lórí áàpù lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti mọ̀ pé C ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹ sọ 20 tó wà nínú ìbéèrè náà di 35, ẹnu rẹ̀ a wọhò. Irú èyí ló yẹ kó ká òbí lára.

Ẹ̀rọ náà lè jẹ̀bi. Ní 2025, JAMB fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àṣìṣe wà nínú èsì àwọn ọmọ 379,997 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Ọlóyèdé, sì sunkún ní gbangba. Tí àjọ ńlá bá lè ṣì í, kọ̀ǹpútà ilé lẹ́sìn tó ń dúró lójijì ńkọ́?

Ohun tó yẹ kí òbí ṣe ni pé kí wọ́n fi ìdánwò mẹ́ta wéra, kí wọ́n sì wo iṣẹ́ tó fa máàkì wálẹ̀. Ṣé kò mọ̀ ọ́n ni, àbí ìkánjú? Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní. Ìdánwò tí kò dáa pàápàá kì í ṣòfò. Ní 2006, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, rí i pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò rántí ju àwọn tó kàn ń tún ìwé kà lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé lẹ́sìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé lẹ orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ mọ́ ara ògiri. Ẹ kọ èyí tí kálukú ṣì sínú ìwé, kí ẹ sì fi lé e lọ́wọ́.