OWÓ ÌRÀNWỌ́ ÌJỌBA: ǸJẸ́ Ó KAN ÀWA TÍ A Ń GBÉ ONITSHA?

Láti ìgbà tí gbogbo nǹkan ti gbówó lórí ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà rànyìn láàrín wa, nínú ìpàdé àti ní ẹnu ọ̀nà ilé ní Inland Town níbí: ǹjẹ́ owó tí ìjọba ń fún àwọn oníṣòwò kéékèèké kàn wá, àwa tí a kì í ṣe ọmọ bíbí Onitsha? Àwọn kan ní kò kàn wá rárá, pé ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ kí ó padà lọ forúkọ sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Ọ̀ffà. Àwọn mìíràn ti san owó fọ́ọ̀mù fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Nítorí náà ni a ṣe jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, tí a ka ohun tí ìjọba fi síta, kí a lè sọ ohun tí a rí fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yáwó, nítorí ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. TraderMoni tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018, ẹ̀yáwó ni. Wọ́n fún oníṣòwò ní 10,000 naira, kí ó san án padà láàrín oṣù mẹ́fà, kí ó tún lè gba 15,000, kí ó sì máa gòkè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìdìbò 2019 ti súnmọ́lé, ọ̀pọ̀ ènìyàn pè é ní owó ìbò, wọ́n sì jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ àkàrà. Survival Fund tí ó tẹ̀lé e ní 2020, lẹ́yìn àrùn Kòrónà, ẹ̀bùn ni tirẹ̀: 30,000 naira fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn awakọ̀, kò sì sí sísan padà.

Èyí tí ó gbẹ̀yìn ni ó fa àríyànjiyàn jùlọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí owó ọkọ̀ sì ti fò sókè, Ààrẹ Bola Tinubu bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀. Ó ní ìjọba yóò ya bílíọ̀nù 50 naira sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣòwò tí ó kéré jùlọ, 50,000 naira fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 1,300 nínú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 774 sì ni ìjọba ìbílẹ̀ wa. A fi bírò ṣírò rẹ̀: ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan ènìyàn. Bank of Industry ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ní 2024 sì ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn ènìyàn. Ẹ̀bùn ni èyí pẹ̀lú. A kò ní tàn yín, 50,000 kì í ṣe owó tí a fi í kọ́lé. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń ta ata lórí tábìlì, tí ó ń gba ọjà àwìn láràárọ̀, mọ ohun tí owó tí kò ní èlé lè ṣe.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ka ènìyàn 1,300 yìí? Ohun tí wọ́n béèrè ni nọ́ńbà NIN, BVN, àti ẹ̀rí pé ènìyàn ń gbé tàbí ń ṣòwò nínú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹni wà ni wọ́n wò. Ọmọ Ọ̀ffà tí ó ti ń rán aṣọ ní Inland Town láti ogún ọdún wá, oníṣòwò Onitsha ni lójú ìwé yẹn. Bí ó bá sáré padà sí Ọ̀ffà lọ forúkọ sílẹ̀ gan-an ni yóò ba tirẹ̀ jẹ́, nítorí ẹ̀rí wo ni yóò mú jáde níbẹ̀? Wọ́n tún ní 70 nínú 100 yóò jẹ́ ti obìnrin àti ọ̀dọ́, 10 ti àwọn aláàbọ̀ ara, 5 ti àwọn àgbàlagbà. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbọ́ o.

Ohun kan wà tí ó lè kọ́ wa lẹ́sẹ̀ ní ìlú yìí. Inland Town àti Main Market wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Onitsha North. Fegge àti ọjà Ochanja wà nínú Onitsha South. Okpoko tí ó fara kan wọn, ti Ogbaru ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń sùn nínú ọ̀kan, a sì ń tajà nínú èkejì. Ẹni tí ó bá ń kọ orúkọ kí ó mú ọ̀kan ṣoṣo, kí gbogbo ìwé rẹ̀ sì bá a mu.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà ṣe pàtàkì. Ìyá kan lè jẹ́ Sikiratu nínú NIN, kí ó jẹ́ Shukurat ní báńkì, kí ó sì jẹ́ Ìyá Rísí lórí rìsíìtì ìsọ̀. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ìwé ní rélùwéè mọ̀ pé ẹrù tí orúkọ ara rẹ̀ kò bá ti inú ìwé mu, inú ṣẹ́ẹ̀dì ni yóò sùn, bí olówó rẹ̀ tilẹ̀ dúró níwájú wa tí ó ń sunkún.

Ní ti fọ́ọ̀mù, ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ mú 2,000 naira wá kí òun bá yín fi orúkọ síwájú, olè ni. Ẹni tí ó bá béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì yín, olè tí ó ju èkínní lọ ni.

Nínú ọ̀rọ̀ 2023 yẹn kan náà ni Ààrẹ ti dárúkọ bílíọ̀nù 75 naira mìíràn fún àwọn tí òwò wọn ti ga díẹ̀: láti 500,000 dé mílíọ̀nù kan naira, èlé 9 nínú 100 lọ́dún, kí a san án tán láàrín oṣù 36. Ẹ̀yáwó ni o. Fún èyí, wọ́n béèrè ìwé CAC àti àkọsílẹ̀ owó ní báńkì, ibẹ̀ sì ni ó ti há mọ́ ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́. Àjọ ni a mọ̀. Àjọ dára, òun ni ó tọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa dé ilé ìwé gíga, ṣùgbọ́n báńkì kò rí owó tí ó bọ́ láti ọwọ́ alájọ sínú àpò aṣọ. Ẹ kó o, kí ẹ sì gba ojú báńkì kọjá kí ẹ tó ná an. Àwọn onílé wa gan-an kò dúró de ìjọba: ọmọ tí ó bá sin ọ̀gá rẹ̀ tán ní Main Market, ọ̀gá á fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá dúró.

Ní orílẹ̀-èdè Jàpáànì, níbi tí ìjọba ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti 1948 fún ọ̀rọ̀ òwò kéékèèké nìkan, ìrànwọ́ kan wà fún ìsọ̀ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 5 lọ. Onísọ̀ yóò kọ ohun tí ó fẹ́ ṣe àti iye tí yóò ná. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àdúgbò rẹ̀ yóò bá a yẹ ìwé náà wò, wọn yóò sì fún un ní ìwé tí yóò so mọ́ ọn. Bí ìjọba bá gbà á, owó ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ná, yóò tọ́jú gbogbo rìsíìtì, lẹ́yìn èyí ni wọn yóò dá ìdá méjì nínú mẹ́ta padà fún un, tí kì í sábà ju 500,000 yen lọ. Owó náà kọ́ ni ó wù wá níbẹ̀ bí kò ṣe ẹgbẹ́ àdúgbò yẹn. Kí ni ó dí ẹgbẹ́ tiwa lọ́wọ́?

A ti bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ sọ ọ́, wọ́n sì gbà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí a bá òun wo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà tí ìjọba bá tún ṣí irú ètò yìí, télọ̀ ni o, onídìrí ni o, alátà ni o, ẹni tí ń lẹ táyà ni o, kí ó mú káàdì NIN, ìwé báńkì, àti rìsíìtì owó ilé tàbí ti ìsọ̀ wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. A kò ní gba kọ́bọ̀. Kí ó tètè dé, nítorí ìsọmọlórúkọ méjì ni a ní lọ́jọ́ náà.